Bí A Ṣe Ń Kọ́ LibreOffice Láti Orí Kóòdù Lórí Linux: Èyí Tí A Lè Yọ àti Èyí Tí A Lè Yan

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo Linux kò nílò láti compile LibreOffice rárá. Èyí tí Debian, Ubuntu tàbí Fedora ti kọ́ sílẹ̀ tó fún lẹ́tà, ìṣirò àti ìwé iṣẹ́. Àmọ́ àwọn kan ń wá àtúnṣe tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọn ò fẹ́ di ẹrù tí wọn ò ní lò lé lórí, àwọn míì sì fẹ́ máa bá wọn tún kóòdù náà ṣe. Àwọn wọ̀nyí ni mo kọ èyí fún. Mo gbà pé ẹ mọ terminal lò, ẹ sì ti compile nǹkan kékeré rí.

LibreOffice tóbi, ṣùgbọ́n kì í ṣe títóbi rẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Àṣàyàn tó kún inú `configure`, script tó ń yẹ kọ̀ǹpútà wò kí compile tó bẹ̀rẹ̀, ló ń dà wọ́n láàmú, nítorí pé oríṣi àṣàyàn méjì tí ìtumọ̀ wọn jìnnà síra wà níbẹ̀, wọ́n sì jọra lójú.

Oríṣi kìíní ni iṣẹ́ tí ẹ lè yọ kúrò pátápátá. Tí ẹ bá kọ `--disable-pdfimport`, LibreOffice yín kò ní lè ṣí PDF fún àtúnṣe mọ́, kò sì ní béèrè Poppler, library tó ń bá a ka PDF bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ lọ, library náà bá a lọ.

Oríṣi kejì ni library tí LibreOffice kò lè ṣe kó má lò, àmọ́ tí ẹ lè yan ibi tó ti máa wá. LibreOffice lè dáńlóòdù kóòdù curl, library tó fi ń bá íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, kó sì kọ́ ọ mọ́ ara rẹ̀. Ó sì lè lo curl tó ti wà lórí Linux yín. `--with-system-curl` ń sọ pé kó lo ti Linux, `--without-system-curl` ń sọ pé kó kọ́ tirẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: `--without-system-curl` kò yọ curl kúrò rárá. Ṣe ni ó fi kún iṣẹ́. Alásè lè lọ ata fúnra rẹ̀, ó sì lè ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ lọ́jà. Lọ́nà méjèèjì, ata wà nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá ń rò pé òun ti fúyẹ́ nítorí pé ó kọ `--without-system` ogún ìgbà, ogún library ló kó lé ara rẹ̀ lórí.

Ìgbésẹ̀ 1: Irinṣẹ́ àti kóòdù

Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ ní kí Linux yín kó gbogbo ohun tí àwọn tó ń bójú tó o fi kọ́ LibreOffice wá. Lórí Debian àti Ubuntu:

`sudo apt-get build-dep libreoffice`

Àṣẹ yìí kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ bá ti ṣí `deb-src` nínú àwọn orísun package yín. Lórí Fedora:

`sudo dnf builddep libreoffice`

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ohun gbogbo ló máa kó wá, títí kan Java àti irinṣẹ́ database tí ẹ lè má fẹ́. Ẹni tó fẹ́ kó fúyẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: `gcc` àti `g++`, `make`, `autoconf`, `automake`, `pkg-config`, `bison`, `flex`, `gperf`, `zip`, `unzip`, `xsltproc`, Python 3, àti Perl pẹ̀lú Archive::Zip. Kò sí àṣàyàn kankan tó lè rọ́pò àwọn yìí. Tí `gperf` kò bá sí, `configure` á sọ fún yín pé ẹ lọ fi í síbẹ̀, ó parí.

Lẹ́yìn náà ni kóòdù:

`git clone --depth 1 https://gerrit.libreoffice.org/core ~/core`

Ẹ má ṣe yọ `--depth 1` kúrò tí ẹ bá ń fi owó ra dátà. Láìsí i, ìtàn gbogbo àtúnṣe láti ọdún 2000, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ OpenOffice.org, ni git máa kó wá bá yín. Tí ẹ̀dà tó dúró ṣinṣin ni ẹ fẹ́, ẹ mú tarball rẹ̀ (kóòdù tí wọ́n dì pọ̀ sínú fáìlì kan) lórí ìkànnì The Document Foundation, àjọ tó ń bójú tó LibreOffice, dípò git.

Ẹ má kọ́ ọ sínú fódà kóòdù náà. Ẹ ṣí fódà ọ̀tọ̀ fún un:

`mkdir ~/lo-kiko && cd ~/lo-kiko`

Báyìí ẹ lè ní fódà méjì tí àṣàyàn wọn yàtọ̀ lórí kóòdù kan náà, ẹ sì lè pa ọ̀kan rẹ́ láìfọwọ́ kan ìkejì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ àṣàyàn yín sínú autogen.input

Ẹ lè to àṣàyàn jọ sẹ́yìn `autogen.sh`, script tó ń pe `configure`, lórí ìlà kan, àmọ́ ẹ ò ní rántí wọn lọ́la. Inú fáìlì `autogen.input` ni kí ẹ kọ wọ́n sí, nínú fódà tí ẹ ti ń kọ́ ọ, àṣàyàn kan lórí ìlà kan. Ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `#` kò ní ká, nítorí náà ẹ lè kọ ìdí tí ẹ fi yan nǹkan síbẹ̀. Èyí ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára:

`--with-parallelism=2`
`--with-external-tar=/home/oruko-yin/lo-tar`
`--enable-gtk3`
`--without-java`
`--without-junit`
`--without-doxygen`
`--disable-odk`
`--disable-postgresql-sdbc`
`--disable-mariadb-sdbc`
`--disable-firebird-sdbc`

Lẹ́yìn náà:

`mkdir ~/lo-tar`
`~/core/autogen.sh`

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nípa `autogen.sh`. Tí ẹ bá ṣi àṣàyàn kan kọ, bíi `--disable-postgres-sdbc`, yóò dúró lójú ẹsẹ̀, á sì sọ pé òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lọ pe `configure` tààràtà kò ní rí ju ìkìlọ̀ kan lọ, tí ọ̀rọ̀ tó ń yí lọ lójú terminal á sì gbé mì. Ó lè jẹ́ ìgbà tó bá kọ́ ọ tán ló máa tó mọ̀ pé ohun tí òun ní òun yọ ṣì wà níbẹ̀. `autogen.sh` ni kí ẹ máa lò.

Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó ni LibreOffice ń yàn fún èyí tí wọ́n ń pín fún aráyé, kó lọ ka `distro-configs/LibreOfficeLinux.conf` nínú kóòdù náà. Ó kúrú, ó sì kọ́ni ju `./configure --help` lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Tí configure bá dúró

Yóò dúró, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò fínnífínní. Ká ní ẹ fi GStreamer, tó wà fún fídíò àti ohùn, sílẹ̀ nínú àṣàyàn yín, tí ẹ wá rí èyí:

`No package 'gstreamer-pbutils-1.0' found`

Ohun tí ẹlòmíì máa sọ ni pé, "Ṣebí GStreamer wà lórí kọ̀ǹpútà mi, òun ni mo fi ń wo fídíò." Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà fún wíwo fídíò yàtọ̀ sí èyí tó wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ nǹkan lé e lórí. Fáìlì kékeré kan tórúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `gstreamer-pbutils-1.0.pc` ni `pkg-config` ń wá, inú package tí orúkọ rẹ̀ parí sí `-dev` lórí Debian, tàbí `-devel` lórí Fedora, ló sì máa ń wà. Ẹ má méfò orúkọ package náà, torí pé kì í sábà bá orúkọ fáìlì náà mu. Ẹ béèrè:

`apt-file search gstreamer-pbutils-1.0.pc`

Yóò dá yín lóhùn pé inú `libgstreamer-plugins-base1.0-dev` ló wà. Ta ni ìbá ti mọ̀ ọ́n lórí? Ti Fedora tiẹ̀ tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè fi orúkọ tí `configure` pè é gan-an béèrè fún un:

`sudo dnf install 'pkgconfig(gstreamer-pbutils-1.0)'`

Àmọ́ kí ẹ tó fi nǹkan kan síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ irú àṣàyàn tó wà níwájú yín. Inú fáìlì `download.lst` nínú kóòdù náà ni orúkọ gbogbo library tí LibreOffice lè dáńlóòdù kó sì kọ́ fúnra rẹ̀ wà. Ẹ wá a níbẹ̀:

`grep -i poppler ~/core/download.lst`
`grep -i gstreamer ~/core/download.lst`

Ti àkọ́kọ́ máa fi tarball Poppler hàn yín. Ti ìkejì ò ní mú nǹkan kan wá. Ó já sí pé tí Poppler bá ń fa wàhálà, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀: ẹ lè lo ti Linux, ẹ lè jẹ́ kí LibreOffice kọ́ tirẹ̀, ẹ sì lè yọ iṣẹ́ tó nílò rẹ̀ kúrò. Tí GStreamer bá ń fa wàhálà, méjì péré ni: ẹ fi package rẹ̀ síbẹ̀, tàbí ẹ kọ `--disable-gstreamer-1-0`. Bẹ́ẹ̀ náà ni GTK àti Qt (tó ń ya ojú ètò) àti CUPS (tó ń bá ìwé títẹ̀ jáde ṣiṣẹ́) rí. Ẹ wo `download.lst` kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn kiri íntánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà míì, fáìlì `.pc` wà, `configure` ṣì ń kọ̀. Nígbà náà ẹ ṣí `config.log`. Ṣe ni `configure` máa ń compile ètò kékeré kan láti dán library wò. Ohun tí compiler bá sọ nígbà tí ìdánwò náà já kulẹ̀ wà níbẹ̀ láìkù síbì kan. Ẹ wá orúkọ library náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àmọ́ ẹ fo àkójọ gígùn tó kún ìsàlẹ̀ fáìlì náà, kò kàn yín.

Àṣìṣe tó ń sọ pé `cannot find JUnit 4 jar` máa ń dẹ́rù ba àwọn tó fi Java sílẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò nìkan ni JUnit wà fún. `--without-junit` ti tó, kò sì sí ohun tí ẹ máa pàdánù nínú LibreOffice tí ẹ máa lò.

Ìgbésẹ̀ 4: Kí ni ká yọ?

Java ni mo kọ́kọ́ máa ń yọ. Writer, Calc àti Impress ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Base, apá tó ń bójú tó database, ló máa fara gbá a: database tó dá lórí HSQLDB, tí wọ́n fi Java kọ, kò ní ṣí mọ́, Report Builder náà á lọ, àwọn wizard díẹ̀ àti àwọn extension tí wọ́n fi Java kọ á bá a lọ. Tí ọ́fíìsì yín bá ní fáìlì Base àtijọ́ kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí, ẹ má dán an wò. Ẹ fi Java síbẹ̀.

Tí ẹ ò bá ń fi Base bá PostgreSQL tàbí MariaDB sọ̀rọ̀, ẹ yọ wọ́n láìronú. LDAP náà, tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń wá orúkọ àti àdírẹ́sì òṣìṣẹ́ wọn, `--disable-ldap`.

GStreamer wà fún fídíò àti ohùn nínú Impress. Olùkọ́ tàbí oníwàásù tó ń fi fídíò sáàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílò rẹ̀, akọ̀wé kò nílò rẹ̀.

PDF ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn kan máa ń yọ `pdfimport` nítorí pé wọ́n rò pé òun ló ń jẹ́ kí Writer sọ ìwé di PDF. Kì í ṣe òun. Ẹ máa ṣì lè sọ ìwé yín di PDF. Ṣíṣí PDF nínú Draw láti tún un ṣe ni ẹ máa pàdánù. Èmi máa ń fi í sílẹ̀.

CUPS, ẹ má yọ ọ́ tí ẹ bá ń tẹ ìwé jáde.

Ojú tí ètò náà máa ní wà lọ́wọ́ yín. `--enable-gtk3` dára fún GNOME àti XFCE. Ẹni tó ń lo KDE lè wo `--enable-qt6` àti `--enable-kf6`. Tí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní `gen` ló máa kù, tó ń bá X11 sọ̀rọ̀ tààràtà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò wu ojú rí.

Ọ̀kan wà tó kan àwa tó ń kọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n: `--without-fonts`. Ó ń yọ àwọn fọ́ńtì tó ń bá LibreOffice rìn, bíi DejaVu, Gentium àti Noto, ó sì ń dín àyè tó gbà kù. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ kan ṣoṣo nínú Unicode. Lẹ́tà pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀ ni, fọ́ńtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà máa bà sí. Tí ẹ bá yọ fọ́ńtì wọ̀nyí, tí irú wọn ò sì sí lórí Linux yín, àmì ohùn yín á máa fò kúrò lórí lẹ́tà, ẹ ó sì máa bú Writer lásán. Ẹ fi `fc-list | grep -i dejavu` wò ó kí ẹ tó kọ àṣàyàn yẹn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ti Linux ni tàbí ti LibreOffice?

`--with-system-libs` ń sọ pé kí LibreOffice lo ti Linux fún gbogbo library tó bá ṣeé ṣe. Àwọn tó ń bójú tó Debian àti irú rẹ̀ ń lò ó, ó sì tọ̀nà fún wọn: tí àlèébù ààbò bá yọ nínú library kan, wọ́n á tún un ṣe níbì kan, gbogbo ètò tó ń lò ó á jàǹfààní. Dátà tí ẹ máa ná náà á dín kù. Síbẹ̀, èmi kò gba ẹni tó ń kọ́ ọ fún ara rẹ̀ nìmọ̀ràn pé kó lò ó fún ohun gbogbo. Ìdí rẹ̀ wà lára àwọn library díẹ̀.

Ẹ wo ICU, tó ń bójú tó èdè àti lẹ́tà. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀dà ńlá rẹ̀ bá jáde ni nọ́ńbà tó wà nínú orúkọ fáìlì rẹ̀ ń yí padà. Tí ẹ bá so LibreOffice mọ́ ICU Linux yín, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe upgrade, LibreOffice kò ní ṣí mọ́. Á máa ké pé òun ò rí `libicuuc.so`, pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà yín mọ́. Àwọn Debian lè tún LibreOffice wọn kọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin ńkọ́?

Poppler tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. LibreOffice ń lo apá kan nínú rẹ̀ tí àwọn tó kọ ọ́ kò ṣèlérí pé kò ní yí padà, ó sì ń yí padà. Tí kóòdù LibreOffice yín bá ti pẹ́ díẹ̀, tí Poppler Linux yín sì jẹ́ tuntun, àárín compile ló máa já sí, lẹ́yìn tí ẹ ti dúró pẹ́. Ti Orcus àti mdds, tí Calc ń lò, ni pé nọ́ńbà ẹ̀dà wà nínú orúkọ `.pc` wọn gan-an, bíi `liborcus-0.18`, LibreOffice sì ń béèrè nọ́ńbà kan pàtó. Tuntun jù kò ṣe é, àtijọ́ jù kò ṣe é.

Àwọn kan sì wà tí wọn ò ṣeé yà. Tí ẹ bá ní kó lo HarfBuzz ti Linux, tó ń to lẹ́tà fọ́ńtì, ẹ gbọ́dọ̀ ní kó lo Graphite ti Linux pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, `configure` á kọ̀.

Èyí tí mo máa ń gbà láti ọwọ́ Linux ni curl àti NSS, nítorí pé wọ́n ń bá íntánẹ́ẹ̀tì àti ìfọwọ́sí ìwé ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ kí àtúnṣe ààbò wọn máa wọlé pẹ̀lú upgrade láìjẹ́ pé mo tún nǹkan kan kọ́:

`--with-system-curl`
`--with-system-nss`

Ìyókù, mo fi sílẹ̀ fún LibreOffice. Ẹni tó bá sì fẹ́ lo `--with-system-libs` ṣì lè yọ àwọn oníwàhálà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú `--without-system-poppler` àti irú rẹ̀. Èyí tó dárúkọ library kan pàtó ló ń borí.

Ìgbésẹ̀ 6: Kíkọ́

`make fetch`

Àṣẹ yìí ń kó tarball àwọn library tí àṣàyàn yín béèrè fún nìkan wá, ó sì ń kó wọn sí fódà tí ẹ dárúkọ nínú `--with-external-tar`. Ẹ ṣe é níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ lè pa dátà, kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà lọ ibi tí iná wà. Ẹ pa fódà yẹn mọ́. Bí ẹ tilẹ̀ pa `~/lo-kiko` rẹ́, ẹ kò ní tún ra dátà fún tarball kan náà.

`make build-nocheck`

Ẹni tó bá kọ `make` lásán máa ṣe ìdánwò pọ̀ mọ́ ọn, àkókò tó máa gbà á sì gùn sí i. Ẹ má fi `sudo` pè é: LibreOffice mọ̀ ọ́n, ó sì máa kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ root. Ẹ fi `ccache`, tó ń pa ohun tí ẹ ti compile mọ́ kó má bàa tún un ṣe, síbẹ̀ kí ẹ tó pe `autogen.sh`, yóò rí i fúnra rẹ̀ yóò sì lò ó. Ìgbà kejì tí ẹ bá ń kọ́ ọ ni ẹ máa mọ iyì rẹ̀.

Tí ẹ bá rí `Killed signal terminated program cc1plus`, kóòdù kọ́ ló bàjẹ́. RAM ló tán, Linux sì pa compiler. Ẹ dín nọ́ńbà `--with-parallelism` kù, ẹ tún pe `autogen.sh`, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú láti ibi tí ó dé.

Ìgbésẹ̀ 7: Ṣé ohun tí ẹ béèrè ni ẹ gbà?

Ẹ má gba ohun tí ẹ kọ sínú `autogen.input` gbọ́ títí ẹ ó fi wo ohun tí `configure` gbà gan-an:

`grep -E 'SYSTEM_(CURL|NSS|ICU|POPPLER)=' config_host.mk`

Èyí tó bá ní `TRUE` ń lo ti Linux. Èyí tó ṣófo lẹ́yìn àmì `=` ń lo èyí tí LibreOffice kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wo inú fódà tó jáde:

`ls instdir/program/libvclplug_*`
`ls instdir/program/xpdfimport`
`ldd instdir/program/libvclplug_gtk3lo.so | grep 'not found'`

Àkọ́kọ́ ń fi ojú tí ẹ kọ́ hàn, tí `libvclplug_gtk3lo.so` kò bá sí níbẹ̀, GTK kò wọlé. `xpdfimport` ni ẹ̀rí pé ṣíṣí PDF wà. Ti ìkẹta kò yẹ kó mú ohunkóhun wá. Ẹ wá ṣí i:

`instdir/program/soffice --writer`

Kò pọn dandan kí ẹ ṣe `make install`. Ibẹ̀ yẹn náà ló ti lè máa ṣiṣẹ́ lọ, kò sì ní dí LibreOffice tó wà lórí Linux yín tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ yí àṣàyàn padà lẹ́yìn èyí, ẹ tún `autogen.input` kọ, ẹ pe `autogen.sh`, kí ẹ sì tún un kọ́. Fún iṣẹ́ tí ẹ fi kún un tàbí tí ẹ yọ, ìyẹn sábà máa ń tó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé library kan kúrò ní ti LibreOffice sí ti Linux, tàbí tí ẹ dá a padà, ẹ kọ́kọ́ ṣe `make clean`. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn fáìlì kan á ṣì máa wá header ti tẹ́lẹ̀, àwọn míì á máa wá ti tuntun, àṣìṣe tó máa jáde kò sì ní dárúkọ library tó fà á.